McCudden, Mẹkáníìkì Tó Di Ọdẹ Òfurufú

Níbi tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kan ti ń gba fríídọ̀mù ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tí kò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yọ àwàdà díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Bí ìyókù ṣe jáde lẹ́nu mi nìyí.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ wọ aṣọ tuntun lónìí, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìdúró. Alága ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń bá oníbàárà lò. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n pa ìyẹn tì. Ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́rin lábẹ́ ọ̀gá tó le, kò sí ohun tí èmi tún fẹ́ kọ́ ọ nípa sùúrù. Ìtàn ni mo mú wá, ìtàn ọmọkùnrin òyìnbó kan tó fi sípánà bẹ̀rẹ̀, tó sì di ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ogun òfurufú tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè gbàgbé. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tó kú. Mo rí àwọn kan níbí tí wọ́n ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọn kò tíì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ́ńjìnì tó ń kọ́ àti èyí tó fẹ́ kú. Ẹ má bínú, ẹ mọ ara yín.

James McCudden ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Gillingham ní Kent ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1895. Sójà ni bàbá rẹ̀, ọmọ bárékè sì ni òun náà. Ní 1910, nígbà tó pé ọdún 15, ó wọṣẹ́ ológun ní ẹ̀ka Royal Engineers. Wọn kò gbé ìbọn lé e lọ́wọ́. Fèrè ni wọ́n gbé fún un, kó máa fun ún láti jí àwọn sójà lówùúrọ̀. Ẹ fọkàn sí i: afunfèrè, ọmọ sójà lásán, tí kò kàwé lọ títí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà náà, ibi tí wọ́n bá bí ènìyàn sí ni wọ́n retí pé kó kú sí.

Bọ̀ọ̀dá rẹ̀ àgbà, William, ti wà nínú Royal Flying Corps, ìyẹn ẹgbẹ́ ológun òfurufú tí ìjọba wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1912. James náà fẹ́ràn rẹ̀, ó sì bá a lọ síbẹ̀ ní 1913. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni wọ́n fún un. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tó fi dá ẹ̀ṣẹ̀ kan tí gbogbo wa ti dá rí. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfurufú kan tí wọ́n ń pè ní Caudron. Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnì tó gbá. Ó yí i, ó gbá, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ti ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì sí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ bá sáré lọ fúnra rẹ̀, ó lọ kọlu ohun tó wà níwájú. Wọ́n ti McCudden mọ́lé fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n sì gé owó rẹ̀. Èmi náà rántí ọjọ́ tí mo fi ọkọ̀ oníbàárà sínú jíà tí mo sì yí kọ́kọ́rọ́. Ògiri ni tèmi kọlù, ọ̀gá mi kò sì ní ilé tó lè tì mí mọ́. Ó ní ọwọ́ tó fi nà mí.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé dojú kọ Jámánì. Ikọ̀ 3 tí McCudden wà ń múra láti fò lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 12, ní pápá Netheravon, ó bá wọn tan ẹ́ńjìnì ọkọ̀ Blériot kan. Lieutenant Skene ló wà á, ẹnì kejì tó jókòó sínú rẹ̀ ni Barlow, mẹkáníìkì bíi ti McCudden. Ọkọ̀ gbéra, ó wọ ẹ̀yìn igi lọ. Ló bá gbọ́ tí ẹ́ńjìnì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ìró kan tó ní ẹni tó bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Ó sáré nǹkan bí ìlàjì máìlì, ó fo ọgbà, ó bá ọkọ̀ náà nínú igbó kékeré kan. Ó fà àwókù kúrò lára àwọn ènìyàn náà. Àwọn méjèèjì ti kú. Ó kúnlẹ̀ ti Barlow, tí kò ní ojú ọgbẹ́ lára rárá. Ó wo oòrùn tó ń yọ, ó tún wo Barlow, ó ń bi ara rẹ̀ bóyá báyìí ni ogun yóò ṣe máa rí títí. Ó kọ èyí sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó yá. Àwọn méjì wọ̀nyí ni ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ pàdánù nínú ogun, wọn kò sì tíì kúrò nílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi igbó kékeré yẹn sọ́kàn. Ẹ fi ẹ́ńjìnì tó dákẹ́ náà sọ́kàn.

Ní ilẹ̀ Faransé, iṣẹ́ wa yìí ló ń ṣe: pulọ́ọ̀gì, fáàfù, wáyà, aṣọ tó ya lára apá ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, aṣọ. Igi àti aṣọ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe ara bàálù ìgbà náà. Bó ti ń tún wọn ṣe ló ń bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn gòkè. Nígbà tó yá, wọ́n gbà fún un láti máa jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń wòlẹ̀, tó ń ka iye sójà ọ̀tá, tó sì ń yìnbọn bí ewu bá dé. Láàárín ìgbà yẹn ni ìròyìn wá pé William, bọ̀ọ̀dá rẹ̀, ti kú ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún ọdún 1915. Kì í ṣe ọ̀tá ló pa á. Ọkọ̀ ló já lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé, níbi tó ti ń kọ́ni. James kò fiṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún kan náà, òun àti ẹni tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ pàdé Max Immelmann, ọ̀kan nínú àwọn àgbà awakọ̀ ogun Jámánì, ìbọn McCudden ni kò jẹ́ kí ìyẹn rí wọn pa. Ní oṣù Kìíní ọdún 1916, Ọ̀gágun Joffre ti ilẹ̀ Faransé fọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì ẹ̀yẹ Croix de Guerre sí i láyà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó dá a padà sílé láti lọ kọ́ bí a ṣe ń wa ọkọ̀. Nígbà tó fi máa padà sójú ogun ní oṣù Keje ọdún 1916, sájẹ́ǹtì ni, ó sì ti di awakọ̀. Wọ́n fi í sí ikọ̀ 20 fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ikọ̀ 29, níbi tó ti ń wa ọkọ̀ ogun kan tí wọ́n ń pè ní DH2. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ẹ́ńjìnì DH2 yìí, torí ó máa yà yín lẹ́nu. Ẹ̀yìn awakọ̀ ni ó wà, abẹ̀bẹ̀ náà wà lẹ́yìn, kí ìbọn lè dojú kọ iwájú láìsí ìdènà. Ẹ́ńjìnì Gnome ni. Nínú èyí tí ẹ̀yin mọ̀, ṣáàfù ló ń yí, búlọ́ọ̀kù dúró. Nínú Gnome, ṣáàfù ló dúró, gbogbo ara ẹ́ńjìnì, pẹ̀lú sílíńdà rẹ̀, ló ń yí bírí bírí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀! Òróró lárà ni wọ́n ń dà sí i, kì í sì í padà sínú ẹ́ńjìnì; bó ṣe ń wọlé ló ń fọ́n jáde. Bí sílíńdà kan bá já kúrò nígbà tó ń yí, ó lè gé ìrù ọkọ̀ dànù. Lórí irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ ni McCudden ti já ọkọ̀ ọ̀tá àkọ́kọ́ rẹ̀, ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1916.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1917 wọ́n sọ ọ́ di ọ́físà. Kò rọrùn bí ẹ ṣe gbọ́ ọ yẹn. Ọ̀pọ̀ ọ́físà ìgbà náà ló ti ilé ẹ̀kọ́ olówó gọbọi wá. Òun ti inú gáráàjì wá. Láàárín oṣù mélòó kan ó padà sílé láti kọ́ àwọn awakọ̀ tuntun ní ìjà. Ara àwọn tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni Edward Mannock, tí òun náà di ògbóǹtarìgì níkẹyìn. Nígbà tí àwọn bàálù Gotha ti Jámánì wá ju bọ́ǹbù sí London ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà, tí ènìyàn 162 sì kú, McCudden gbéra pẹ̀lú ọkọ̀ Pup kékeré kan, ó yìnbọn títí ọta fi tán, kò rí ọ̀kankan já. Mo gbà pé ìbínú ọjọ́ yẹn ló mú un bẹ̀rẹ̀ sí í ronú lórí bí ọkọ̀ ṣe lè ga tó, tó sì lè yá tó.

Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n rán an lọ sí ikọ̀ 56 ní ilẹ̀ Faransé, kó máa darí ìdá kan nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

SE5a ni ọkọ̀ ikọ̀ náà. Ẹ́ńjìnì Hispano-Suiza oní-sílíńdà mẹ́jọ, tó tò ní V, tí omi ń tù, alágbára ẹṣin 200. Èyí, ẹ mọ irú rẹ̀. Ó ní ìbọn arọ̀jò-ọta méjì. Ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní Lewis, wà lórí apá òkè, ó ń yìnbọn kọjá lókè abẹ̀bẹ̀. Bí ọta bá tán, awakọ̀ á fà á wálẹ̀ lórí irin tó tẹ̀ kọ́rọ́, á pààrọ̀ àgbá ọta rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan, á sì máa fi ọwọ́ kejì wa ọkọ̀. Èkejì, Vickers, wà níwájú awakọ̀, ó ń yìnbọn gba àárín abẹ̀bẹ̀ tó ń yí. Báwo ni ọta kò ṣe ń gé abẹ̀bẹ̀? Ọmọ ilẹ̀ Romania kan, George Constantinesco, ló ṣe é. Ó fi òróró kún inú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ẹ́ńjìnì dé ìbọn. Bí ẹ́ńjìnì ti ń yí, ó ń gbá òróró náà, òróró sì ń gbé agbára yẹn dé ìdí ìbọn ní àkókò tí abẹ̀bẹ̀ kò sí níwájú ẹnu rẹ̀. Ẹ wo bíréèkì ọkọ̀ yín: ẹ tẹ ẹ̀ níbí, ó di táyà mú lọ́hùn-ún. Bí páìpù bá ní afẹ́fẹ́ nínú, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lójú òfurufú, ẹni tí páìpù tirẹ̀ bá ní afẹ́fẹ́ nínú kò ní oníbàárà tó máa wá bá a jà. Kò ní sí láyé mọ́.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló kàn ń jáde wá, wọ́n á jókòó, wọ́n á ní kí wọ́n yí i. McCudden kò ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ilé ọkọ̀ ló máa ń wà pẹ̀lú àwọn mẹkáníìkì rẹ̀, tó ń tú ìbọn, tó ń to ọta lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì. Ọ̀gá tó kọ́ èmi níṣẹ́ a máa fi èkù sukudiráfà sí etí, á fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnì, á wá sọ fún wa pé fáàfù kẹta ni. A kì í gbà á gbọ́ títí a ó fi tú u. Irú etí bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé ọkùnrin yìí ní. Ó wá písítìn tó ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ẹ́ńjìnì rẹ̀, kí ọkọ̀ lè gòkè sí i. Nígbà tó já ọkọ̀ LVG kan ti Jámánì, ó yọ fìlà abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ìyẹn irin ṣóńṣó tó máa ń wà níwájú, ó kùn ún ní pupa, ó fi í sí ọkọ̀ tirẹ̀. Ó ní ó fi máìlì mẹ́ta kún eré ọkọ̀ òun. Awakọ̀ mìíràn á sọ pé torí ẹwà ni. Máìlì mẹ́ta! Mẹkáníìkì nìkan ló ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Kí ló fẹ́ gòkè lọ ṣe? Àwọn ọkọ̀ Rumpler ti Jámánì, tí ènìyàn méjì máa ń wà nínú wọn, ń fò níbi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 17,000 sí 20,000 láti ya àwòrán kòtò ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè dé ibẹ̀ tán. Ẹsẹ̀ bàtà 20,000 ga ju ṣóńṣó orí òkè Kilimanjaro lọ. Kò sí òrùlé lórí ọkọ̀, kò sí afẹ́fẹ́ ìmí tí wọ́n ń gbé dání, kò sí párásúùtù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fún àwọn awakọ̀ rẹ̀ ní párásúùtù títí ogun fi parí, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dùn mí dòní. McCudden á dá nìkan gòkè lọ dúró dè wọ́n nínú òtútù yẹn. Nígbà kan tó sọ̀kalẹ̀, ó ní nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí iṣan òun, ìrora náà kọjá ohun tí òun lè fi ẹnu sọ. Ó ní kì í ṣe gíga, òtútù ni.

Bí ọdẹ ló ṣe ń ṣe é. Ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í kàn já lu ẹran. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì ní ìbọn lẹ́yìn, ó sì ní ibì kan tí ìbọn náà kò lè dé: abẹ́ ìrù rẹ̀. McCudden á yọ́ lọ sí abẹ́ ìrù yẹn, á sún mọ́ tó nǹkan bí yáàdì 100 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, á wá yìnbọn ní ìwọ̀nba. Bí ìbọn bá há, tàbí tó rí i pé ọ̀tá ti mọ̀, á yà kúrò, á lọ sílé. Ẹ̀fúùfù ojú ogun yẹn máa ń ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́ lọ sí ìlà-oòrùn, ìyẹn ni pé ó ń gbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ sórí ilẹ̀ ọ̀tá, ẹni tó bá ti pẹ́ jù nínú ìjà á fi ẹ́ńjìnì tó rẹ̀ jà pẹ̀lú ẹ̀fúùfù kó tó délé. Akíkanjú ni Albert Ball tó wà nínú ikọ̀ 56 ṣáájú rẹ̀, ó máa ń já wọ àárín ọ̀tá mẹ́fà láìwẹ̀yìn. Ó kú ní oṣù Karùn-ún 1917, ọmọ 20 ọdún. Èmi kò bú u. Ṣùgbọ́n bí ọmọ mi bá fẹ́ lọ sójú ogun, ti McCudden ni màá ní kó kọ́.

Ìjà kan wà tí mi ò lè fò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1917 ni, lókè Poelcappelle ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. McCudden àti àwọn èèyàn rẹ̀ rí ọkọ̀ Jámánì kan tó ń lé ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ Fokker tuntun ni, apá rẹ̀ jẹ́ ìpele mẹ́ta. Wọ́n kọlù ú. Dípò kó sá, ó yí padà sí wọn. Méje ni wọ́n di lójú òfurufú nígbà tí àwọn yòókù dé, òun nìkan sì ni. Ó ń yí bírí láàárín wọn bí eṣinṣin tí a ń fi abẹ̀bẹ̀ lé nínú yàrá. Bí wọ́n bá dojú ìbọn kọ ibi tó wà, ó ti kúrò níbẹ̀. McCudden ní ìgbà kan wà tí òun rí ọkọ̀ náà ní ṣóńṣó ibi tí ọta ọkọ̀ márùn-ún ti pàdé, síbẹ̀ kò já. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó yìnbọn bá gbogbo ọkọ̀ wọn; méjì nínú wọn ní láti fi ìjà sílẹ̀ nítorí ọkọ̀ wọn ti bàjẹ́. Níkẹyìn Arthur Rhys Davids rí ẹ̀yìn rẹ̀ mú. McCudden ló rí i nígbà tó kanlẹ̀, ó ní ó fọ́ túútúú, ó di lẹ́búlẹ́bú.

Werner Voss ni. Ọmọ ọdún 20, ó ti já ọkọ̀ 48. McCudden kọ ọ́ pé títí òun yóò fi kú, òun kò ní gbàgbé bí òun ṣe kan sáárá sí ọkùnrin yẹn. Rhys Davids tó pa á, ọmọ Eton, ilé-ìwé àwọn olówó Gẹ̀ẹ́sì, tó mọ èdè Gíríìkì àti Látìn dunjú, kò yọ̀. Ó ní ká ní òun lè mú un wálẹ̀ láàyè ni. Oṣù kan àti ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Rhys Davids fúnra rẹ̀ jáde, kò padà mọ́. Ọmọ 20 ọdún lòun náà. Àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì sin Voss síbi tó já sí, ogun sì ru ilẹ̀ ibẹ̀ dé bi pé kò sẹ́ni tó rí sàréè náà mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti McCudden wá yá. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 1917, ó já ọkọ̀ mẹ́rin lọ́jọ́ kan: méjì láàárọ̀ nígbà tó dá jáde, méjì lọ́sàn-án nígbà tó ń ṣáájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà mìíràn tó tún já mẹ́rin lọ́jọ́ kan, wákàtí kan àtààbọ̀ ló fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní 1918, òun nìkan kọlu ọkọ̀ márùn-ún, ó pa méjì run, ó lé ìyókù títí ọta Lewis rẹ̀ fi tán, tí bẹ́líìtì Vickers rẹ̀ sì já. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 57. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ìwé tí ìjọba fi yìn ín ni pé nínú 54 tí wọ́n ti kà títí di ìgbà náà, 19 ló já sórí ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn, níbi tí èèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn lọ wò ó. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká máa kà á bí góòlù bọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ ẹlẹ́ni-méjì ló pọ̀ jù nínú wọn, ọmọ ìyá méjì-méjì ló ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ dárúkọ àwọn awakọ̀ wọn fún aráyé bí àwọn Jámánì ti ń ṣe. Ní oṣù Kìíní 1918, ìwé ìròyìn Daily Mail fọ́n orúkọ McCudden káàkiri, ariwo náà kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ó fi ikọ̀ 56 sílẹ̀ lọ sílé. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, àbúrò rẹ̀ John, tí òun náà jẹ́ awakọ̀ nínú ikọ̀ 84, kú lójú ogun. Méjì ti lọ nínú ilé ìyá kan. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin wọ́n kéde Victoria Cross, àmì ìgboyà tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún James, ìgbà tí Royal Air Force, ẹgbẹ́ tó gba ipò Royal Flying Corps, pé ọjọ́ kan péré láyé. Ní ọjọ́ kẹfà, Ọba George Karùn-ún fi í sí i láyà ní ààfin Buckingham. Pẹ̀lú DSO lẹ́ẹ̀mejì, Military Cross lẹ́ẹ̀mejì, Military Medal àti ti Faransé, kò sí awakọ̀ òfurufú Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun yẹn tí àmì ìgboyà rẹ̀ tó tirẹ̀. Èmi ì bá fẹ́ wo ojú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n fi í sílé fún ìgbà díẹ̀ kó kọ́ni ní Ayr, ní Scotland. Ó ń kọ ìwé nípa ìgbésí ayé rẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, ó sì parí rẹ̀. Inú ìwé yẹn ni mo ti rí ọ̀rọ̀ Barlow àti ti Voss tí mo sọ fún yín. Wọ́n wá sọ ọ́ di Major, wọ́n ní kó lọ gba àkóso ikọ̀ 60 ní ilẹ̀ Faransé.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 1918 ó wa SE5a tuntun kan kúrò nílé, ó sọdá òkun. Ìkùukùu wà lójú ọ̀run. Nígbà tó súnmọ́ ibi tó ń lọ, kò dá a lójú ibi tó wà mọ́, ó bá bà sí pápá kan ní Auxi-le-Château láti bèèrè ọ̀nà. Wọ́n júwe fún un. Kò pẹ́ níbẹ̀ rárá. Ó tún gbéra.

Ọkọ̀ kò tíì ga tí ẹ́ńjìnì fi ṣe ségesège. Títí dòní wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn kan ní káábúrétọ̀ tí wọ́n fi sí ẹ́ńjìnì náà ni kò tọ́. Àwọn kan ní ó gbìyànjú láti yí padà sí pápá, ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ pé kí wọ́n má ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ mọ káábúrétọ̀ lè bá mi dá sí i lẹ́yìn tí a bá jẹun tán. Àwọn tó wà ní pápá rí i tó wọ ẹ̀yìn igi, wọ́n sì gbọ́ ìró náà. Wọ́n sáré wọ inú igbó lọ, wọ́n bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, agbárí rẹ̀ ti fọ́, kò lè sọ̀rọ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ló kú. Sàréè rẹ̀ wà ní Wavans, itẹ́ òkú ológun kékeré kan lẹ́bàá oko.

Boffles ni ikọ̀ 60 wà, tí wọ́n ń retí ọ̀gá wọn tuntun. Máìlì díẹ̀ péré ló kù kó dé ọ̀dọ̀ wọn.